Ẹ Fi Ayùn àti Ìfági Lé Àwọn Ọmọ Warri Lọ́wọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Darí Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Delta

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà wa ní Asaba, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ ń pinnu ohun tí àwọn ọmọ wa máa kọ́ ní ilé-ìwé,

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba ní Warri, Effurun àti àgbègbè wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, láti bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án títí tí yóò fi parí sẹ́kọ́ńdírì kékeré, máa lo ayùn, ìfági, òòlù àti ṣísẹ́lì láti fi igi ṣe nǹkan gidi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. N kò ní kí ẹ sọ gbogbo wọn di káfíńtà. Ohun tí mò ń wí ni pé iṣẹ́ igi tí a fi ọwọ́ ṣe wà lára ẹ̀kọ́ tó tọ́ sí gbogbo ọmọ, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò àti ìwé kíkà ṣe tọ́ sí wọn. Nígbà tí a sọ ọ́ di ti àwọn tí ìwé kò yé nìkan, a ṣe iṣẹ́ náà níbi, a sì ṣe àwọn ọmọ tí ìwé yé náà níbi. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí nítorí pé àwọn òbí Yorùbá tó ti fi Warri ṣe ilé pọ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wọ́n bó ṣe kan àwọn aládùúgbò wọn tó jẹ́ Itsekiri, Urhobo àti Ijaw. Bí ẹ̀yin bá gbọ́, tí àwọn òbí kò gbọ́, ètò náà kò ní dúró.

Àsìkò tó láti sọ ọ́. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ tuntun jáde, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọwọ́ sínú ohun tí àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kékeré máa kọ́. Ìpinnu tó dára ni, wọ́n sì yẹ fún oríyìn. Iṣẹ́ mẹ́fà ni wọ́n tò sílẹ̀ kí ọmọ yan ọ̀kan níbẹ̀: títo sólà àti títún un ṣe, aṣọ rírán, sísin ẹran, iṣẹ́ ìṣaralóge, títún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe, àti ọ̀gbìn. Iṣẹ́ igi kò sí láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 2011 tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọwọ́ 34 kalẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdírì àgbà, iṣẹ́ káfíńtà àti àga ṣíṣe wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń kọ mí lóminú nínú àtòjọ náà ju pé wọ́n gbàgbé igi lọ. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ọwọ́ kò ní ìwúlò mìíràn ju kí ọmọ lè fi pawó lọ́la. Bí ojú yẹn nìkan la bá fi wo igi, kò sí ìdí tí ọmọ dókítà tàbí ọmọ lọ́yà fi máa di ayùn mú, ọmọ tálákà nìkan ló máa kù nídìí bẹ́ńṣì. Òfin orílẹ̀-èdè wa gba ìpínlẹ̀ láyè láti ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́. Ẹ lè ṣe ohun tí Àbújá kò ṣe.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ iṣẹ́ náà ká wo ohun tó ń kọ́ ọmọ. Omorogùn ni mo rò pé ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ilé kan ní Warri tí wọn kì í ti í ro ẹ̀bà tàbí stáàṣì. Wọ́n á fún ọmọ ní pákó arère, igi tó fúyẹ́, tó sì rọ̀ fún ọwọ́ kékeré. Yóò ya omorogùn sí i lára, yóò fi ayùn gé e dé ìtòsí ìlà, yóò wá fi ọ̀bẹ gbẹ́ ìyókù títí tí ọwọ́ yóò fi gbá a mú dáadáa. Ibẹ̀ ló ti máa rí i pé igi ní ibi tó kọjú sí. Bí ó bá gbẹ́ ẹ síbi tí iṣan rẹ̀ ń lọ, ọ̀bẹ á máa yọ̀ lọ geere, ohun tó ń bó kúrò lára igi á fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Bí ó bá gbẹ́ ẹ lódì, igi á ya, á sì ya kọjá ìlà. Tíṣà lè kọ èyí sójú bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní wọ ọmọ létí bí ìgbà tó bá ti ba omorogùn kan jẹ́, tó yí igi padà, tó sì tún òmíràn gbẹ́.

Àpótí ìjókòó ló máa tẹ̀ lé e, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń jókòó nídìí àdògán. Pákó márùn-ún péré ló gbà: ojú kan, ẹsẹ̀ méjì tó fẹ̀, àti ìdábùú méjì tó so ẹsẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí àpótí yìí tó lè gbé ènìyàn dúró. Ó ní láti wọn pákó méjì kí wọ́n dọ́gba. Ó ní láti fa ìlà yí igi po kí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ìlà náà pàdé. Bí wọn kò bá pàdé, ó ti ṣì í wọ̀n níbì kan, ó sì ní láti padà lọ wá a. Ó ní láti gbé ayùn sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tó fẹ́ sọ nù, kì í ṣe sórí ìlà gan-an, nítorí eyín ayùn ní ìwọ̀n tirẹ̀, ó sì máa jẹ lára igi. Nígbà tó bá kan gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ, yóò na téèpù láti igun kan dé igun tó kọjú sí i, yóò na án láti igun kejì náà. Bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, àpótí tọ́. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, àpótí ti wọ́, ó sì ní láti tì í padà kíákíá. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí ti fọwọ́ kan jíọ́mẹ́tírì kí tíṣà ìṣirò tó dárúkọ rẹ̀ fún un. Ó tún ti pàdé ìdájọ́ kan tí kì í ṣe ojúsàájú, nítorí kò sí máàkì tí tíṣà lè fún àpótí tó ń mì tí yóò mú un dúró. Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń há ìdáhùn sórí, tí jìbìtì ìdánwò sì ti di ìṣòro tí gbogbo wa ń sunkún lé lórí, mo ka èyí sí ohun ńlá. Ẹnì kan kò lè jí àpótí wò.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ro irú èrò yìí. Ní ọdún 1866, Finland sọ iṣẹ́ ọwọ́ di dandan ní ilé-ìwé àwọn mẹ̀kúnnù, nípa akitiyan Uno Cygnaeus. Ní Sweden, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Otto Salomon dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nääs láàárín ọdún 1870 sí 1880, àwọn tíṣà sì ń wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ láti kọ́ bí a ṣe ń fi igi tọ́ ọmọ. Ọ̀bẹ ni Salomon kọ́kọ́ máa ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, nítorí ọmọ ti mọ̀ ọ́n láti ilé. Ohun tó wúlò nílé ni ó ní kí wọ́n máa ṣe, kí iṣẹ́ sì máa ti orí èyí tó rọrùn bọ́ sórí èyí tó le. Ó tẹnu mọ́ ọn pé òun kò tọ́ káfíńtà. Ọmọ tó ní sùúrù, tó ń ṣe nǹkan pé pérépéré, tó sì lè dá ṣe é láìsí pé ẹnì kan dúró tì í ni òun ń wá. Títí di òní, gbogbo ọmọ ní Sweden ló ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé-ìwé, ọkùnrin ń rán aṣọ, obìnrin ń gé pákó, wákàtí 330 sì ni òfin wọn yà sọ́tọ̀ fún un láàárín ọdún mẹ́sàn-án. Orílẹ̀-èdè tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kì í ṣe orílẹ̀-èdè tí kò mọ ẹ̀rọ. Ní ìdàkejì, ní ọdún 2018, Roger Kneebone, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni níṣẹ́ abẹ ní Imperial College ní London, ké gbàjarè pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń wọlé láti kọ́ ìṣègùn gba máàkì gíga, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ bí a ṣe ń gé nǹkan tàbí rán nǹkan, nítorí pé ojú fóònù àti kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti lo ìgbà èwe wọn. Àwọn òbí Warri tó ń fẹ́ kí ọmọ wọn di dókítà, tàbí kí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ epo rọ̀bì ní Effurun, PTI, kí ó di ẹnjiníà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro èyí dáadáa.

Ilé tiwa náà kò ṣófo. Lamidi Fakeye, tí a bí ní Ìlá Ọ̀ràngún ní ọdún 1928, bẹ̀rẹ̀ igi gbígbẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, ó tún lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ George Bandele ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì padà di olùkọ́ ní yunifásítì Ifẹ̀. Nítòsí wa níbí, ní Agbarha-Otor, Bruce Onobrakpeya dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà Harmattan sílẹ̀ ní ọdún 1998, igi gbígbẹ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn ará etí omi wa ti ń gbẹ́ ọkọ̀ láti ìrandíran. Sapele, tí kò jìnnà sí Warri rárá, ni orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pe ọ̀kan nínú àwọn igi tó dára jù láti fi ṣe ilẹ̀kùn àti jìtá. Ibẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ African Timber and Plywood ti ń la igi, tó sì ń fi pílíwúùdù ránṣẹ́ sí òkè òkun lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Káfíńtà kan ní ilẹ̀ Yúróòpù lè dá igi Sapele mọ̀ nípa wíwo ìlà ara rẹ̀. Ó dùn mí pé ọmọ tí wọ́n bí ní ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ sí ìlú tó fún igi náà lórúkọ lè parí sẹ́kọ́ńdírì láìfi ìfági kàn án lẹ́ẹ̀kan.

Àtakò tó wúwo jù tí mo mọ̀ ti pẹ́, ó sì tọ́ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes yí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ká ní ọdún 1920 sí 1921, tí wọ́n ní kí ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀dúdú fara mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti oko, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé wa fura. Wọ́n rí i pé ìwé ni òyìnbó fi di ọ̀gá, wọn ò sì fẹ́ kí a fi ayùn àti ọkọ́ tan àwọn ọmọ wọn kúrò nídìí ìwé. Ìfura wọn tọ́. Inú ìfura yẹn ni gbólóhùn tí àwọn òbí ṣì ń sọ lónìí ti wá, pé ọmọ àwọn kò lọ sí ilé-ìwé láti di káfíńtà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ohun tí wọ́n ń bá jà ni iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ìwé. Èyí tí mò ń tọrọ, ẹ̀gbẹ́ ìwé ló máa wà, fún gbogbo ọmọ, ti olówó àti ti tálákà. Ní Hope Waddell ní Calabar, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1895, wọ́n kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, aṣọ rírán àti ìwé títẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan náà tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé, Nnamdi Azikiwe sì wà lára àwọn tó kàwé níbẹ̀. Ohun tó ń sọ iṣẹ́ ọwọ́ di ẹ̀gàn ni pé a máa ń yà á sọ́tọ̀ fún àwọn tó bá féèlì. Ọjọ́ tí ọmọ Kọmíṣọ́nnà àti ọmọ ọlọ́kadà bá jọ dúró nídìí bẹ́ńṣì kan náà, tí wọ́n jọ ń yọ pákó, ẹ̀gàn náà tán.

Àtakò kejì ni pé a ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ó sì fọ́. Òótọ́ ni. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1982, ìjọba àpapọ̀ kó ẹ̀rọ olówó iyebíye wọlé láti òkè òkun fún Introtech, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá ni wọ́n ti dípẹtà, nítorí kò sí ilé tí wọ́n máa gbé wọn sí, kò sí iná, kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n lò. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé kí a yàgò fún ẹ̀rọ, kì í ṣe pé kí a yàgò fún iṣẹ́ igi. Ayùn ọwọ́ kò béèrè iná lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná BEDC. Ìfági kò mu dísẹ́ẹ̀lì. Bí irin rẹ̀ bá kú, òkúta ìpọ́nrin àti omi díẹ̀ ló máa jí i, ọmọ ọdún méjìlá sì lè kọ́ bí a ṣe ń pọ́n ọn. Bí ọwọ́ ayùn bá kán, káfíńtà àdúgbò á gbẹ́ òmíràn sí i kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun èlò tí kíláàsì nílò kò pọ̀: bẹ́ńṣì líle díẹ̀ tó ní fáìsì, ayùn ńlá àti ayùn kékeré, ìfági, ṣísẹ́lì, òòlù onígi, skúwíà, téèpù àti òkúta ìpọ́nrin. Ní ti pákó, àjẹkù tó ń ṣẹ́kù ní àwọn ilé ìlagi tó fún omorogùn àti àpótí kékeré. Káfíńtà tó wà ládùúgbò ilé-ìwé lè ṣe bẹ́ńṣì náà fúnra rẹ̀, owó yẹn yóò sì dúró sí Warri.

Ta ló máa kọ́ wọn? Federal College of Education (Technical) ti wà ní Asaba láti ọdún 1987 láti tọ́ tíṣà iṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti náwó lórí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ bíi ti Sapele. Ẹ lo àwọn tó ń jáde níbẹ̀. Ẹ sì má fojú fo àwọn àgbà káfíńtà tó wà ní ìgboro dá. Wọn kò ní NCE, sátífíkéètì olùkọ́, ṣùgbọ́n wọ́n lè gbé pákó sókè, kí wọ́n fi ojú kan wo etí rẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tó ti tẹ̀. Kí tíṣà tó mọ bí a ṣe ń darí kíláàsì àti àgbà tó mọ igi jọ dúró síwájú àwọn ọmọ. Kí ẹ gba àgbà náà síṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ lásìkò. Mo mọ̀ pé èyí máa ta ko ìlànà ìgbanisíṣẹ́ tó wà nílẹ̀. Ìlànà ni kí a tún ṣe.

Àwọn òbí máa ní ọmọ lè fi ara gbọgbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè gé ìka díẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe lè gé e nígbà tó ń gé ilá nílé. Ẹ̀rọ ìgégi oníná, tó lè mú ìka lọ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, kò sí nínú ohun tí mò ń tọrọ. Ayùn ọwọ́ kì í rìn àfi bí ọwọ́ bá tì í. Òfin tó ń dáàbò bo ọmọ kò ṣòro há: igi gbọ́dọ̀ wà nínú fáìsì, ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ẹnu ṣísẹ́lì nígbà gbogbo, irin sì gbọ́dọ̀ mú, nítorí irin tó kú ló ń gba agbára, agbára àṣejù ló sì ń mú kí ọwọ́ yẹ̀. Kí kíláàsì má kún ju ohun tí olùkọ́ méjì lè fojú tó lọ. Àwọn mìíràn á ní a ti ń sọ ọmọdé di òṣìṣẹ́. Rárá: ohun tí ọmọ bá ṣe, ilé ìyá rẹ̀ ló ń gbé e lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á, a kò sì gbọ́dọ̀ fi wọ́n tún àga ilé-ìwé ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ fi èyí sínú ìwé òfin ètò náà. Àwọn kan á tún ní àga láti Ṣáínà ti kún ọjà, pé iṣẹ́ igi kò lè mówó wọlé mọ́. Òótọ́ ni pé ó kún ọjà, ṣùgbọ́n ọjà kọ́ ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi lé.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún rèé. Ẹ mú ilé-ìwé díẹ̀ ní Warri South, Uvwie àti Warri South-West, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti sẹ́kọ́ńdírì kékeré, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Àyè wà fún un nínú iṣẹ́ àṣà àti ọnà tó ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́. Píríọ́dù méjì tí wọ́n so pọ̀ lọ́sẹ̀ tó. Ẹ kọ owó òkúta ìpọ́nrin, pákó àti owó àgbà káfíńtà sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún, kì í ṣe owó ọdún àkọ́kọ́ nìkan. Ẹ má fi ìdánwò oníwèé-ìbéèrè dán wọn wò. Ẹ ní kí ọmọ gbé àpótí rẹ̀ wá, kí olùdánwò jókòó lé e. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn òbí àti oníròyìn kí wọ́n wá fojú ara wọn rí iṣẹ́ náà, kí ẹ sì wo máàkì ìṣirò àwọn ọmọ náà pẹ̀lú. Bí kò bá yọrí sí rere, ẹ dá a dúró. Ẹ̀yin òbí Yorùbá tó wà ní Warri, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́: nígbà tí ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ bá tún pé, ẹ dìde, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé ọmọ yín ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ń kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkọ̀wé kan láti Warri.